Iná ẹ̀yìn mọ́tò: ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí

Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í bá ni rí tẹni. Àwọn àgbà kò ro ti mọ́tò nígbà tí wọ́n pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe bá mọ́tò mu tó, kí ó lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ oríta ńlá Ìkòtún, ní Àlímọ̀ṣọ́, nípìnlẹ̀ Èkó, nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Dáńfó kan yóò máa ti Ìgándò bọ̀, òmíràn yóò máa ti Èjìgbò bọ̀, òmíràn láti Ìyànà-Ìpájà, òmíràn láti Ìjẹ̀gùn. Bí wọ́n ṣe ń bọ̀, iná iwájú wọn ń tàn, ó kéré tán ọ̀kan nínú méjèèjì. Ìgbà tí wọ́n bá kọjá tán ni kí ó yíjú wo ẹ̀yìn wọn. Òmíràn ní iná pupa kan ṣoṣo lápá òsì. Òmíràn, ọ̀rá pupa ni wọ́n fi okùn so mọ́ ibi tí gíláàsì iná ti fọ́. Òmíràn dúdú bí ìdí ìkòkò, àfi ìgbà tí mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá tan iná sí i ni èèyàn tó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀, tí èrò méjìdínlógún sì jókòó sínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí Èkó. Àwọn tó wà lábúlé mọ pikọ́ọ̀pù Peugeot 504 tó ń kó ẹ̀gẹ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sọ́jà. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot ní Kaduna, òmíràn nínú àwọn àtijọ́ yẹn ṣì ń ná ọ̀nà oko títí dòní, irin wọn le, kò sẹ́ni tó lè já wọn ní koro lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá di igi ìdáná sí i lẹ́yìn, tí igi náà yọ síta ju ìdí mọ́tò lọ, ó ti bo iná ẹ̀yìn méjèèjì mọ́lẹ̀ ná, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń tàn. Ọlọ́kadà tó ń ti ọjà bọ̀ lálẹ́ kò ní rí nǹkan kan àfi ìgbà tí orí igi bá kù díẹ̀ kó gún un láyà. Ìlú tí wọn kò ti sin irú òkú bẹ́ẹ̀ rí kò pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Iná iwájú ni dẹ́rẹ́bà fi ń ríran. Iná ẹ̀yìn ni àwọn ẹlòmíràn fi ń rí dẹ́rẹ́bà. Bí iná iwájú bá kú, òun fúnra rẹ̀ ni kò ní rí kòtò, òun ni kò ní rí èrò tó ń na ọwọ́ sí i lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí náà kò ní pẹ́ kó tó wá ẹni tó máa tún un ṣe. Iná ẹ̀yìn lè kú fún oṣù mẹ́ta láìjẹ́ pé ó mọ̀. Bó bá sì mọ̀, kò dí i lọ́wọ́ kó máa kó èrò. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń so wáyà mọ́tò, tí gbogbo èèyàn ń pè ní réwáyà, irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe tuntun:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo iná iwájú yìí kíá, èrò ń dúró dè mí.”

“Ti ẹ̀yìn ńkọ́, àbúrò? Kò sí èyí tó ń tàn níbẹ̀ o.”

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ̀yìn ni mo fi ń wa mọ́tò ni?”

Wọn á rẹ́rìn-ín, réwáyà á gba owó iṣẹ́ tó ṣe, mọ́tò á sì lọ. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán ni, ó lè má sí nǹkan kan, nítorí pé lọ́sàn-án, kọ́ńdọ́ ni iná ẹ̀yìn dáńfó. Ó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ síta, ó ń jù ú sókè sódò, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara mọ́tò gbàgbàgbà, gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì mọ̀ pé wọ́n fẹ́ yà, tàbí pé wọ́n fẹ́ já èrò sílẹ̀. Iṣẹ́ tráfíkétọ̀ ni ọwọ́ yẹn ń ṣe, kò sì purọ́ rí. Ṣùgbọ́n bí agogo méje alẹ́ bá ti kọjá, ta ló ń rí ọwọ́ ọmọkùnrin kan nínú òkùnkùn? Ìgbà yẹn gan-an ni dáńfó sì máa ń dúró lójijì jù, nítorí ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ wà ní gbogbo ìyànà, dẹ́rẹ́bà kò sì fẹ́ kí ẹnìkejì rẹ̀ gbé e. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń tẹ̀ lé e ni ìyà ń jẹ. Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ kò ní irin tó máa gbà á sílẹ̀, ọlọ́kadà kò tilẹ̀ ní nǹkan kan rárá.

Kí ló wá fà á tí iná tí gílóòbù rẹ̀ kò ju owó ọkọ̀ èrò mélòó kan lọ fi ń wà ní òkú fún oṣù gbọọrọ? Àìlówó nìkan kọ́. Ẹni tó ni dáńfó kì í sábà wà á fúnra rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà ló ń wà á, ó ń jíṣẹ́ iye kan fún onímọ́tò lójoojúmọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣàdéhùn, èyí tó bá sì ṣẹ́kù lẹ́yìn owó epo, owó gáréèjì àti owó kọ́ńdọ́ ni tirẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, mọ́tò dúró, owó dúró, onímọ́tò á sáré wá mẹkáníìkì. Bí táyà bá bẹ́, bákan náà ni. Iná ẹ̀yìn kò dá mọ́tò dúró rí. Onímọ́tò á ní dẹ́rẹ́bà ló ń wà á, kí ó fi èrè ọwọ́ rẹ̀ ra gílóòbù. Dẹ́rẹ́bà á ní mọ́tò kì í ṣe ti bàbá òun, wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ òun lọ́la. Àárín àwọn méjèèjì ni iná ti kú, kò sì sẹ́ni tó gbà pé òun ló ni òkú. Ẹni tí yóò san gbèsè náà ni ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn.

Àwọn kan máa ń sọ pé mọ́tò ti gbó jù, pé kò sí iná tó lè dúró lára pátì. Irọ́ ni. Ẹ wo ibi tí àwọn mọ́tò yìí ti wá. Bọ́ọ̀sì Volkswagen tó gbé orúkọ dáńfó ga ní Èkó, irú rẹ̀ kan náà ni àwọn òyìnbó fi ń ṣe ilé alágbèérìn. Láti ọdún 1951 ni ilé-iṣẹ́ Westfalia ní Jámánì ti ń to bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù sínú rẹ̀, tí bàbá, ìyá àti ọmọ á kó sínú rẹ̀ lọ lo ìsinmi létí òkun. Èyí tí Èkó ń pè ní LT, ọdún 1975 ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ìgbà tó di 1996 ni wọ́n fi ẹ̀yà mìíràn rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, àbíkẹ́yìn nínú LT àtijọ́ ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Àwọn òyìnbó tó ṣì ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Wọ́n á tú iná rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ha ìpẹtà kúrò, wọ́n á pààrọ̀ wáyà, wọ́n á sì dá a padà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1960 ni ìjọba ti ń yẹ mọ́tò àtijọ́ wò lọ́dọọdún, iná sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú bíréèkì àti ìtọ́kọ̀. Mọ́tò àwọn yẹn kò kéré lọ́jọ́ orí ju ti Ìkòtún lọ. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín tilẹ̀ ń jẹ irin tiwọn ju bí òjò Èkó ṣe ń jẹ tiwa lọ.

Àtúnṣe náà kò le bí àwọn kan ṣe ń sọ ọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà ń pè ní gílóòbù tó jó, lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe gílóòbù. Iná ń ti inú bátìrì gba wáyà lọ sí gílóòbù, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà. Nínú mọ́tò, ara irin mọ́tò fúnra rẹ̀ ni ọ̀nà àbọ̀ yẹn, òun ni àwọn réwáyà ń pè ní earth. Bí ìpẹtà bá wọ ibi tí wọ́n ti so iná mọ́ irin, tàbí tí wọ́n kun ún lọ́dà nígbà tí wọ́n ń kun mọ́tò ní yẹ́lò, ọ̀nà àbọ̀ ti dí nìyẹn. Kò ṣòro láti mọ̀. Bí dẹ́rẹ́bà bá tẹ bíréèkì tí iná tráfíkétọ̀ náà ń tàn fírífírí, tàbí tí ó tan tráfíkétọ̀ tí iná ẹ̀yìn tó kù ń bá a ṣẹ́jú, kí wọ́n má wulẹ̀ lọ ra gílóòbù. Iná ti sọnù ọ̀nà ni, ó ń wá ibòmíràn gbà padà sílé. Kí wọ́n tú ìdè náà, kí wọ́n fi sáńdìpépà ha irin títí yóò fi máa dán, kí wọ́n dè é padà kó le, kí wọ́n sì fi gírísì díẹ̀ pa á lójú kí omi má baà tún wọ ibẹ̀. Sáńdìpépà àti bí ìdajì wákàtí ni gbogbo ìnáwó rẹ̀.

Òmíràn tún wà tí kò yẹ kí réwáyà tó mọṣẹ́ máa ṣe. Gílóòbù ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ mọ́tò ní okùn tín-ín-rín méjì nínú. Ọ̀kan jẹ́ wáàtì 5, òun ló ń tàn jẹ́ẹ́jẹ́ bí mọ́tò bá ń lọ. Èkejì jẹ́ wáàtì 21, òun ló ń tàn yanran bí wọ́n bá tẹ bíréèkì. Àwọn tó ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹnu rẹ̀ kí ó má ṣeé fi sódì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi agbára tì í wọlé, tàbí tó fi gílóòbù olókùn kan ṣoṣo dípò rẹ̀ nítorí pé òun ló wà nílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín mọ́tò tó ń sáré àti èyí tó ń dúró. Iná wà, ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa. Kí iná kú tilẹ̀ sàn ju èyí lọ, torí ẹni tó bá rí òkùnkùn á ṣọ́ra.

Ti wáyà tún wà níbẹ̀. Wáyà tín-ín-rín tó yẹ kó wà nínú rédíò ni àwọn kan ń fi so iná iwájú, nítorí ó rọjú. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára bátìrì bá ṣòfò sójú ọ̀nà kí ó tó dé inú gílóòbù, ìmọ́lẹ̀ kì í dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá o, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló ń bá a lọ. Nínú ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀sì Volkswagen àtijọ́, gbogbo agbára iná iwájú ló ń gba inú súwíìṣì kọjá, bí súwíìṣì bá ti ń gbó, iná á máa rẹ̀ dòdò. Ohun èlò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní relay, tí yóò mú iná láti ẹnu bátìrì lọ tààrà, tí súwíìṣì á kàn máa pàṣẹ fún un, ni àwọn tó mọ mọ́tò yìí dáadáa fi ń wò ó sàn. Ó wà ní Ládípọ̀ ní Mushin, òkítì ni wọ́n kó o jọ sí lára àwọn tòkunbọ̀ tí wọ́n tú. Ní ti àwọn tó ń fi bébà sìgá dí ojú fíúsì tó jó, ẹni tó bá fẹ́ kí mọ́tò òun gbiná pẹ̀lú èrò nínú ni kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, iná LED ti gba ìgboro. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di méjì nìyí, nítorí iná kan náà tó dára lẹ́yìn lè di ibi níwájú.

Lẹ́yìn mọ́tò, LED dára. Kì í jẹ bátìrì, kì í tètè jó, gbígbọ̀n mọ́tò lójú kòtò kì í já a bó ṣe ń já okùn inú gílóòbù. Ó sì tún ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: bí wọ́n bá tẹ bíréèkì, LED ń tàn ṣáájú gílóòbù onókùn ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó ń sá ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan ń lọ ju mítà mẹ́rin láàárín ìgbà yẹn, mítà mẹ́rin sì ni ó ń ya ẹni tó dúró nígbà tó yẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó wọ abẹ́ tírélà. Kí ẹni tó fẹ́ rà á kàn mọ̀ pé LED pupa ló yẹ gíláàsì pupa, funfun kì í mú un pupa dáadáa. Kí ó sì mọ̀ pé tráfíkétọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wìrìwìrì lẹ́yìn tí wọ́n bá fi LED sí i. Kò bà jẹ́. Ohun tó ń mú un ṣẹ́jú ti rò pé gílóòbù kan ti jó ni, nítorí iná tí LED ń jẹ kéré jù. Wọ́n ń ta èyí tó bá LED mu, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Onítírélà náà kò gbọdọ̀ gbàgbé pé bátìrì tirẹ̀ sábà máa ń jẹ́ fóòtì 24, gílóòbù fóòtì 12 tí ọmọ ọjà bá fún un kò ní rí òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Níwájú ńkọ́? Ike iná iwájú mọ́tò àtijọ́, ojúbọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Wọ́n ṣírò ibi tí okùn inú gílóòbù yóò wà gan-an, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè wolẹ̀ sójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá ti LED olówó pọ́ọ́kú bọ inú rẹ̀, tí ibi tó ti ń tàn kò bá ibi tí okùn yẹn wà mu, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n káàkiri, èyí tó pọ̀ jù á sì lọ sójú ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Dẹ́rẹ́bà á máa yọ̀ pé iná òun mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Ẹni tí wọ́n jọ pàdé ń wa mọ́tò bí afọ́jú fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Bí ọjọ́ orí bá sì ṣe ń ga ni ojú ṣe ń pẹ́ kó tó padà sípò lẹ́yìn irú ìtànná bẹ́ẹ̀. Àwọn bàbá tó ń wa mọ́tò tiwọn láti Ìdímù lọ sí Ẹgbẹ́dá lálẹ́ kò ní láti gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà kí wọ́n tó mọ̀ pé òótọ́ ni. Àwọn kan tilẹ̀ ti wá ń fi iná funfun kọjú sẹ́yìn, tàbí iná búlúù tó ń ṣẹ́jú bí ti ọlọ́pàá, wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ ni. Mọ́tò tí iná bíréèkì rẹ̀ kò tàn, tí iná ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ń tàn, ó yẹ kí ojú ti ẹni tó ni ín.

Ọ̀rọ̀ tírélà ṣì kù, òun ló sì burú jù. Ọ̀nà tó ti Ìgándò gba iwájú LASU lọ sí Ìyànà-Ìbà, tírélà àti táńkà kì í dá lórí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bà jẹ́ lóru, tí bátìrì rẹ̀ sì kú, kò sí iná kankan tó lè tàn lára rẹ̀ mọ́, ìbáà jẹ́ LED ìbáà jẹ́ gílóòbù. Ohun tí àwọn dẹ́rẹ́bà ń ṣe láti ayé bọ̀lẹ̀kájà ni kí wọ́n já ewé, kí wọ́n tò ó sẹ́yìn mọ́tò. Ọgbọ́n ni lọ́sàn-án. Lóru, ewé tútù kì í tàn, bí wọ́n bá sì tún mọ́tò ṣe tán, wọn kì í kó o kúrò, òun náà á di ewu fún ọlọ́kadà. Àmì onígun mẹ́ta tí gbogbo èèyàn ń pè ní C-caution sàn ju ewé lọ, bí ó bá ṣì ní ara tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, tí kì í ṣe irin lásán tí wọ́n ń fi han àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó.

Amẹ́ríkà náà jẹ irú ìyà yìí. Àwọn mọ́tò kéékèèké ń wọ abẹ́ tírélà lóru, torí ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn tírélà dúdú, ó sì ga. Ohun tí wọ́n ṣe kò ní wáyà nínú. Wọ́n ṣòfin pé gbogbo tírélà tí wọ́n bá ṣe láti oṣù Kejìlá ọdún 1993 gbọ́dọ̀ ní tẹ́èpù pupa àti funfun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn. Àwọn àtijọ́ náà kò bọ́, wọ́n fún wọn di oṣù Kẹfà ọdún 2001. Nígbà tí ìjọba wọn ṣèwádìí rẹ̀ lọ́dún 2001 kan náà, wọ́n rí i pé níbi tí òkùnkùn bá ti ṣú tí kò sí iná òpópónà, tẹ́èpù yìí dín ìkọlù sẹ́yìn àti sẹ́gbẹ̀ẹ́ tírélà kù ní ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún. Tẹ́èpù lásán ni o! Kò jẹ bátìrì, kò ní fíúsì, ìpẹtà kò sì di ọ̀nà àbọ̀ rẹ̀. Kò ní kí iná má wà, ṣùgbọ́n bí iná bá kú, òun kì í kú. Bí ó ṣe yẹ tírélà ni ó yẹ dáńfó, ni ó yẹ pikọ́ọ̀pù oko, ni ó yẹ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Kódà orí igi ìdáná tó yọ síta lẹ́yìn pikọ́ọ̀pù, wọ́n lè fi so mọ́ ọn.

Òfin kò wọ́n wa. Láti ọdún 1988 tí wọ́n ti dá FRSC sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì kọ́kọ́ jẹ́ alága rẹ̀, ọ̀rọ̀ iná wà lára ohun tí wọ́n ń dá mọ́tò dúró fún. Èkó ní LASTMA láti ọdún 2000, ó sì tún ní àwọn tó ń yẹ ara mọ́tò wò. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni bí ìyà ṣe ń rí. Bí wọ́n bá wọ́ mọ́tò lọ sí ọgbà nítorí gílóòbù kan, dẹ́rẹ́bà pàdánù iṣẹ́ ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kò sì ní kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn ju pé kí ó máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ. Bí wọ́n bá sì jẹ́ kó lọ lásán, iná náà kò tàn. Ìwé tó fún un ní ọjọ́ méje, pé kí ó tún iná ṣe kí ó sì gbé mọ́tò padà wá fi hàn, tí orúkọ onímọ́tò wà lórí rẹ̀ tí kì í ṣe ti dẹ́rẹ́bà nìkan, ni yóò mú kí gílóòbù wọ inú mọ́tò. Ohun tí gbogbo èèyàn ń fẹ́ nìyẹn, àbí owó ìtanràn ni?

Àwọn kan á sọ pé kí ìjọba kúkú kó gbogbo dáńfó kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. BRT dé lọ́dún 2008. Ní oṣù Kejì ọdún 2017, Gómìnà Akínwùmí Ambode sọ pé òun fẹ́ kó dáńfó aláwọ̀ yẹ́lò kúrò lójú títì Èkó. Dáńfó ṣì ń pe èrò ní Ìkòtún títí di bí a ti ń wí yìí, wọ́n á sì tún pè é lálẹ́ òní. Bọ́ọ̀sì ńlá tuntun dára, kí Ọlọ́run jẹ́ kó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n a kì í torí pé à ń kọ́lé tuntun ká má bo òrùlé tó ń jò lórí ọmọ. Mọ́tò tó bá ṣì ń gbé èrò lónìí nílò iná lónìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti lè rọrùn jù lọ ni gáréèjì, kì í ṣe ojú títì. Kò sí dáńfó tó ń kó èrò ní Ìkòtún tí kì í dúró níwájú àwọn tó ń gba owó gáréèjì. Wọ́n mọ mọ́tò, wọ́n mọ dẹ́rẹ́bà, wọ́n mọ onímọ́tò, wọ́n sì ní agbára láti sọ pé mọ́tò yìí kò ní gbé èrò. Bí owó bá ti yẹ kí wọ́n gbà, kò sí dẹ́rẹ́bà tó ń sá mọ́ wọn lọ́wọ́. Láti agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n máa wo ẹ̀yìn mọ́tò kí wọ́n tó gba owó. Èyí tí iná rẹ̀ kò bá tàn, kí ó lọ bá réwáyà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jìnnà sí gáréèjì. Kí onímọ́tò àti dẹ́rẹ́bà sì fi sínú àdéhùn wọn pé owó iná kò sí lára èrè dẹ́rẹ́bà, kí wọ́n yọ ọ́ nínú owó tí ó ń jíṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń yọ owó táyà. Èrò náà lẹ́nu. Màmá tó bá rí i pé ẹ̀yìn mọ́tò dúdú kó tó wọlé, kò ṣẹ̀ bó bá ní, “Ọmọ mi, tan iná ẹ̀yìn rẹ kí n rí i.” Ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà kò ní lè yájú sí i.

Iná bíréèkì nìkan ló ṣòro fún dẹ́rẹ́bà láti dá yẹ̀ wò, torí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wà lórí bíréèkì, kò lè wà lẹ́yìn mọ́tò. Bó bá jẹ́ òun nìkan ni, kí ó fi ẹ̀yìn mọ́tò kọ ògiri lálẹ́, kí ó tẹ bíréèkì, kí ó wo dígí bóyá ògiri yóò pọ́n lápá méjèèjì. Ní gáréèjì, wọn kò nílò ògiri. Dẹ́rẹ́bà á tẹ bíréèkì, kọ́ńdọ́ á dúró sẹ́yìn, á pariwo “Ó ń tàn” tàbí “Kò tàn”. Kò gbà ju ìgbà tí wọ́n fi ń ka ṣéńjì èrò kan lọ.